Bí Mo Ṣe Fi LSD Sẹ́yìn Hilux Mi Nínú Àgbàlá Ilé ní Gwagwalada

Oṣù Keje, ọ̀nà oko mi lápá Dobi, ni ọ̀rọ̀ LSD yìí, gíà tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yí lásán, ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, amọ̀ pupa ti di àbàtà, ọgọ́ta kíréètì ẹyin sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì rì sínú kòtò kan tí kò jìn ju orókún lọ. Mo ní kí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bọ́ sídìí ìtọ́kọ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, èmi wá lọ dúró sẹ́yìn láti wò ó. Táyà òsì ń yí gbirigbiri, ó ń da ẹrẹ̀ sókè bí ẹni ń fi ṣọ́bìrì kó o. Ti ọ̀tún, tó wà lórí ilẹ̀ líle, tó jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kó tì wá jáde, kò mira rárá. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Wákàtí méjì la lò níbẹ̀ kí katakata kan tó kọjá tó fà wá jáde, kíréètì ẹyin mẹ́rin sì ti ṣòfò.

Ọkọ̀ náà, Hilux ọdún 1996 ni, gíà ọwọ́, ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ní kí n tà á kí n ra èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà. Mi ò gbà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, ara rẹ̀ ò jẹrà, mo sì mọ gbogbo ìkọ́ àti nọ́ọ̀tì ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn yẹn tó mi lò, bí mo bá lè mú kí àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ohun tó fa ìdúró jẹ́ẹ́ táyà ọ̀tún yẹn nìyí. Tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, táyà ìta máa ń rìn jìnnà ju ti inú lọ, nítorí náà wọn ò gbọ́dọ̀ so pọ̀ mọ́ irin kan gbọnrangandan. Dìfárẹ́ńṣà ló ń jẹ́ kí oníkálukú yí bó ṣe fẹ́. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Onésiphore Pecqueur ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1827, fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn, ọgbọ́n kan náà ló ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ wa dòní. Àléébù tó ní ni pé dọ́gbadọ́gba ló máa ń pín agbára. Kò lè fún ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ. Tí táyà kan bá wà nínú ẹrẹ̀, ìwọ̀nba agbára kékeré tó tó láti yí i nínú ẹrẹ̀ yẹn náà ni èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle máa rí gbà, ìyẹn ò sì lè ti ọkọ̀ tó ru ẹyin. Kò sí bí o ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó.

Limited-slip differential, LSD, ni wọ́n ṣe fún irú èyí. Oríṣi méjì ni mo wò. Èkíní ní péréètì bíi ti kílọ́ọ̀ṣì, tí sípíríǹgì ń tì mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn dí ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ sáré ju èkejì lọ. Èkejì kò ní péréètì kankan. Gíà eléyín yíyípo ló kún inú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí agbára bá ti ń gba inú wọn kọjá, wọ́n á ti ara wọn mọ́ ògiri ilé wọn, ìtì yẹn ló ń gbé agbára lọ sọ́dọ̀ ẹsẹ̀ tó dúró dáadáa. Inú ìdílé yẹn ni Torsen wà, tí Vernon Gleasman gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1958.

Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Zuba ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ọkùnrin kan mú onípéréètì kan jáde fún mi, tòkunbọ̀, ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. "Bọ̀ọ̀dá, èyí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bọ́ nínú kọ̀ǹténà." Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí táyà) méjì tó bá eyín rẹ̀ mu. A ki méjèèjì bọ̀ ọ́ lápá ọ̀tún àti òsì, mo ní kó di ọ̀kan mú, mo wá fọwọ́ yí èkejì. Ó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹni ń ro ọkà tó ṣàn. Onípéréètì tó wà láàyè kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lásán ò yẹ kó lè yí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí i pé etí àwọn péréètì náà ti di àwọ̀ búlúù, wọ́n ti jóná. Mo dúpẹ́, mo fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra onípéréètì tòkunbọ̀ láìṣe ìdánwò yìí, ìmọ́tótó ìta rẹ̀ ò sọ nǹkan kan nípa inú.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ló bá mi ra onígíà tuntun. Kó tó ra á, ohun mẹ́ta ni ẹni tó tà á béèrè: bóòtì mélòó ló de kíráùn (gíà ńlá inú dìfárẹ́ńṣà), eyín mélòó ló wà lórí ṣáàfù, àti pé ṣé ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́rin ni àbí V6 onípísítìn mẹ́fà, nítorí bẹ́ríǹgì ẹ̀gbẹ́ wọn ò tóbi dọ́gba. Mo fa ṣáàfù ọ̀tún yọ ní ọjọ́ Àìkú kan láti ka eyín orí rẹ̀: 30. Bóòtì kíráùn: 10. Ìbú kíráùn: ínǹṣì 8. Písítìn mẹ́rin. Ó gba ojú omi dé Èkó, wọ́n fi wébíìlì gbé e dé Zuba, ó sì ti di ìparí oṣù Kẹsàn-án kí ó tó dé ọwọ́ mi. Mi ò kọ iye owó rẹ̀ síbí, torí náírà kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra á á béèrè lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ra á.

Sátidé àkọ́kọ́ ni títú. Bàbá Ìbejì wá bá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àdúgbò wa ni wọ́n ń gbé, ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe káàkiri òkè Ọya. Àga ni mo kọ́kọ́ gbé fún wọn.

"Àbúrò, ilé lo ti fẹ́ ṣe é?"

"Ilé ni, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yìí tẹ́jú."

Wọ́n yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fẹsẹ̀ ta òkúta tí mo fi há táyà iwájú, wọ́n ní ó dáa. Mo ti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé orí irin ìdúró méjì. Jáàkì ni a fi ń gbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Kókó ihò òkè, tí a ti ń rọ ọ́ìlì sí i, ni mo kọ́kọ́ tú, kí n tó fọwọ́ kan ti ìdàlẹ̀. Ìdí ni pé bí o bá da ọ́ìlì àtijọ́ nù tán, tí kókó òkè wá kọ̀ tí kò tú, ọkọ̀ ti dè ọ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Èyí tó jáde dúdú kirikiri, ó ń rùn bí imí-ọjọ́, bí ọ́ìlì gíà ẹ̀yìn ṣe máa ń rùn. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ́ ìsàlẹ̀ báàfù, eruku irin kúnná lẹ̀ mọ́ ọn bí ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n kò sí ègé eyín kankan. Ìròyìn ayọ̀ ni: kíráùn mi àti píníọ̀nù, gíà kékeré tó ń yí kíráùn, ṣì wà lódidi.

Ṣáàfù Hilux yìí kò ní kílíìpù nínú. Ìta lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ilé bíréèkì, ni nọ́ọ̀tì mẹ́rin ti dè é. Mo tú páìpù bíréèkì, mo dí ẹnu rẹ̀, mo já wáyà bíréèkì ọwọ́, mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, odidi ṣáàfù pẹ̀lú bẹ́ríǹgì àti ilé bíréèkì wá jáde pọ̀. Ti ọ̀tún jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, Bàbá Ìbejì bá mi gbé e. Nígbà tí mo dé ti òsì, wọ́n ti wọlé lọ kírun ọ̀sán. Mi ò dúró. Mo fà á nìkan, ìdí ṣáàfù náà wúwo, ó sì fara ti ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, bó ṣe ń bọ̀. Ojú mi rí i. Mo fi ìka wo ẹnu síìlì náà, mo rò pé kò ṣe é ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ níwájú.

Pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára wá láti iwájú, rọrùn, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bó ṣe kọjú síra kí n tó já a. Nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló wá de orí dìfárẹ́ńṣà mọ́ ilé rẹ̀. Ó wúwo ju àpò ìrẹsì kílò 25 lọ, kò sì ní ibi tí ọwọ́ ti lè dì í mú dáadáa. Mo ju táyà àtijọ́ kan sábẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì rọra rọ̀ ọ́ sórí rẹ̀.

Kí n tó tú ohunkóhun lórí rẹ̀, mo wọn ọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí, torí bó ṣe wà nígbà tí kò pariwo ni àkọsílẹ̀ tó dáa jù tí wàá ní. Mo de dial gauge, aago kékeré tó ń wọn bí irin ṣe ń mì, mọ́ etí ilé náà, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti eyín kíráùn kan, mo di píníọ̀nù mú gírígírí, mo wá fi ìka méjì mi kíráùn síwá sẹ́yìn. Ìmì kékeré yẹn, kọ̀ kọ̀, ni àyè tó wà láàárín eyín kíráùn àti ti píníọ̀nù. Abẹ́rẹ́ náà lọ, ó bọ̀: mìlímítà 0.20. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún irú tèmi ni 0.13 sí 0.18, ti ọkọ̀ tó ti rin gbogbo ayé yìí sì yọ sókè díẹ̀. Mo wọn ọ́n níbi mẹ́rin yípo kíráùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ya fọ́tò.

Mo tún fi irin pọ́ńṣì lu àmì sára fìlà bẹ́ríǹgì méjèèjì, irin tó dé wọn mọ́lẹ̀: ojú kan fún ọ̀tún, ojú méjì fún òsì. Wọn ò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àyè. Pọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò wọn pẹ̀lú ilé wọn nílé iṣẹ́, bí o bá yí wọn padà, bẹ́ríǹgì ò ní jókòó dáadáa láéláé.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé LSD àti bẹ́ríǹgì tuntun méjì lọ sí abúlé mẹkáníìkì ní Apo, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi tẹ̀ wọ́n wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi òòlù àti irin lù ú wọlé. Bẹ́ríǹgì tí wọ́n bá lù báyẹn ti gbọgbẹ́ kó tó rìn kìlómítà kan.

Sátidé kejì ni iṣẹ́ gidi. Kíráùn kì í fẹ́ wọ ara àpótí LSD tuntun ní tútù, torí wọ́n ṣe é kó fún mọ́ ọn. Ìyàwó mi fún mi ní ìkòkò àtijọ́ kan, mo da omi sí i, mo gbé e ka iná gáàsì, mo sì sọ kíráùn sínú rẹ̀. Omi hó fún bí ìdajì wákàtí. Mo ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí n tó mú un jáde: àkísà tó gbẹ, bóòtì mẹ́wàá tuntun, àpótí LSD tí mo ti fi tìnà nù kó má ní epo lójú. Mo fi ìkọ́ gbé kíráùn jáde, èéfín ń rú lára rẹ̀, ooru ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e sókè àpótí náà, mo fojú ihò bá ihò, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. "Tọ́ọ̀." Ó jókòó. Mi ò fi òòlù kàn án. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Mo jẹ́ kó tutù kí n tó fún bóòtì, kọ́nà sí kọ́nà ni mo fún wọn, kì í ṣe yípo, ní ìpele mẹ́ta, títí tí torque wrench, sípánà tó ń wọn bí bóòtì ṣe fún tó, fi dún ní 97 Nm lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù ìdènà pupa wà lójú gbogbo wọn. Bóòtì tó bá tú nínú ibí yìí, àárín eyín méjì ló máa bọ́ sí.

Lẹ́yìn náà mo gbé e padà sínú ilé rẹ̀, mo dé fìlà méjèèjì, mo ki nọ́ọ̀tì ńlá eléyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ríǹgì kọ̀ọ̀kan. Àwọn nọ́ọ̀tì méjì yẹn ló ń ti kíráùn sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí o bá tú ti apá kan ní ihò kan, wàá fún ti apá kejì ní ihò kan, kíráùn á sì sún mọ́ píníọ̀nù tàbí kó jìnnà sí i.

Mo wọn ọ́n: 0.34. Ó jìnnà jù. Mo sún un: 0.10. Ó ti sún mọ́ jù, ọ́ìlì ò ní rí àyè wọlé nígbà tí irin bá gbóná tó sì wú.

Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ wọn mi kíráùn náà. "Èyí ti tó, àbúrò. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."

Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ wọn. Mo ti rí i tí ọwọ́ yẹn mọ ẹ̀sùn ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín 0.10 àti 0.15 kéré ju ìnípọn ewé ìwé lọ, mi ò sì gbà pé ọwọ́ èèyàn lè yà á sọ́tọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi aago yìí léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i." Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n ní kí n máa ṣe é. Ìgbà kẹfà ni abẹ́rẹ́ náà tó dúró sí 0.15, ó sì jẹ́ 0.15 tàbí 0.16 níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá fún nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn eyín kíráùn ní ihò kan àti ààbọ̀ sí i kí bẹ́ríǹgì lè fún, mo fún bóòtì fìlà ní 78 Nm, mo tún un wọ̀n. Kò yẹ̀.

Wíwo bí eyín ṣe ń fara kan ara wọn ló kù. Mo ra ọ̀dà ọ́ìlì yẹ́lò kékeré kan, irú tí àwọn ayàwòrán ń lò, ní ọjà Wuse. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún sójú eyín mẹ́fà, mo fi àkísà di kíráùn mú kó wúwo, mo wá fi sípánà yí píníọ̀nù lọ, mo yí i bọ̀. Ibi tí irin bá ti fara kan irin, ọ̀dà á kúrò níbẹ̀. Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sún ojú mọ́ ọn. Lójú eyín kọ̀ọ̀kan, àmì kan wà tó gùn bí hóró ẹ̀wà, irin dídán láàárín yẹ́lò. Kò kan ṣóńṣó orí eyín, kò wọ ìdí rẹ̀, ó sún díẹ̀ sápá inú kíráùn ju àárín gbùngbùn lọ, níbi tí ó yẹ kó wà nígbà tí ẹrù ò tíì sí lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé etí inú pátápátá ló wà, a jẹ́ pé kíráùn sún mọ́ jù. Bó bá jẹ́ etí ìta, ó jìnnà jù. Bó bá jẹ́ orí tàbí ìdí eyín, píníọ̀nù fúnra rẹ̀ ni kò jókòó dáadáa, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Mi ò fọwọ́ kan píníọ̀nù, ìdí nìyẹn tí mo fi lè ṣe èyí nílé. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ kíráùn àti píníọ̀nù pọ̀, kó wá ẹni tó ní gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀.

Títò padà ò ní ìtàn púpọ̀. Mo fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí irin méjèèjì ti ń pàdé, mo fi gọ́ọ̀mù síìlì yípo rẹ̀, a gbé e wọlé, nọ́ọ̀tì mẹ́wàá, pùròpẹ́là, ṣáàfù, páìpù bíréèkì, mo yọ afẹ́fẹ́ nínú bíréèkì. Ọ́ìlì 80W-90 tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni mo rọ, títí tó fi ṣàn padà lẹ́nu ihò. Onígíà kò nílò oògùn àfikún tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì onípéréètì.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì wà lókè. Bàbá Ìbejì dìde lórí àga, wọ́n lọ fi ọwọ́ yí táyà ọ̀tún. Táyà òsì yí padà sẹ́yìn. Wọ́n tún un yí. Táyà òsì tún yí sẹ́yìn, gẹ́lẹ́ bíi ti àtijọ́.

"Àbúrò." Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Wọ́n ti ta ayédèrú fún ọ."

Bí mi ò bá ti kà nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àyà mi ìbá já. Onípéréètì kò ní ṣe báyẹn, sípíríǹgì inú rẹ̀ ń tì í nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n irú onígíà tèmi kì í mú nǹkan kan tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jẹ́ kí gíà rẹ̀ ti ara wọn. Tí ọwọ́ èèyàn bá yí i lófìfo, ó máa ṣe bí dìfárẹ́ńṣà lásán. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé wọn ò tíì gbà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹrẹ̀ ni yóò sọ ọ́."

Òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló mú wa lọ. Kòtò kan náà lọ́nà Dobi, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ òsì wọ inú rẹ̀, Bàbá Ìbejì dúró sí bèbè ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn. Mo fi sí gíà kìíní, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Táyà òsì yí bí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, ọkọ̀ mì, ìdí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ lápá ọ̀tún, ó sì rìn jáde. Kò pariwo. Àmì táyà ọ̀tún wà lórí ilẹ̀, jíjìn, ó ti gbẹ́ ilẹ̀ líle náà bí ọkọ́. Bàbá Ìbejì tẹ̀ba, wọ́n fi ìka tọ àmì náà, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wọ kòtò yẹn lọ́jọ́ náà.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tí onígíà ń ṣe ni pé ó ń sọ agbára tí ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ bá gbà di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta fún èkejì. Tí ẹsẹ̀ kan bá wà lófuurufú pátápátá, tí kò kan ilẹ̀ rárá, òfo ló gbà, òfo lọ́nà mẹ́ta sì ni òfo. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́bàá ògiri gọ́tà kan, táyà òsì gbé kúrò nílẹ̀, ọkọ̀ dúró. Mo wá fa bíréèkì ọwọ́ sókè kó dún kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì yẹn di ẹsẹ̀ tó wà lófuurufú mú díẹ̀, gíà rí nǹkan tì, ọkọ̀ sì rìn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun á máa wọ ibi tí táyà ti ń gbé kúrò nílẹ̀ lójoojúmọ́, onípéréètì tuntun tàbí èyí tó ń tì pa pátápátá ló yẹ kó rà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni síìlì wá bi mí léèrè ohun tí mo ṣe fún un. Bíréèkì ọwọ́ kò mú lápá òsì mọ́, ilà dúdú kan sì ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú táyà. Mo tú u: ọ́ìlì gíà ti rin ṣúù bíréèkì méjèèjì gbingbin. Ẹnu síìlì náà ya ní ibi kan tí kò tó èékánná ìka kékeré, níbi gan-an tí ṣáàfù ti fara tì í lọ́jọ́ tí mo dá fà á. Mi ò lè fọ ọ́ìlì kúrò lára ṣúù bíréèkì kí n sì fọkàn tán an lójú ọ̀nà, nítorí náà mo ra tuntun, mo sì fi síìlì tuntun sí apá méjèèjì. Bí mo ṣe wà lábẹ́ rẹ̀, mo wo ihò ìmí tó wà lókè ilé ṣáàfù: eruku ọyẹ́ ọdún tó kọjá ti dí i pátápátá. Tí dìfárẹ́ńṣà bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, tí kò bá rí ibi mí sí, ẹnu síìlì ló máa gbà. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀pá rọ́bà fa ẹnu rẹ̀ lọ sókè lẹ́bàá ọkọ̀, níbi tí omi àti eruku ò ní tètè dé.

Ohun mẹ́ta ti yí padà nínú bí mo ṣe ń lo ọkọ̀ yìí. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí orí wọn sì ga dọ́gba. Àṣà ká fi tòkunbọ̀ kan sọ́tùn-ún ká fi òmíràn tó kéré jù ú lọ sósì ti tán lọ́dọ̀ mi, torí gíà inú á máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀nà, títí kan ọ̀nà tó tọ́. Ìkejì, lórí títì tó tutù, mo máa ń rọra tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló ń yọ̀, èkejì á di ìdí ọkọ̀ mú. Ní báyìí méjèèjì lè yọ̀ pọ̀, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ ṣáájú orí. Ìkẹta ni mo sọ fún gbogbo ẹni tó ń bá mi fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, mo sì fi pẹ́ńtì kọ ọ́ sára ògiri gáréèjì: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo kó sì fi ọkọ̀ sí gíà. Èyí tó wà nílẹ̀ lè ti ọkọ̀ bọ́ lórí jáàkì.

Kò dún. Mo ti gbé e dé 100 lójú ọ̀nà Abuja sí Lokoja, mo pa rédíò, mo sọ gíláàsì sílẹ̀, mo gbọ́ táyà, mo gbọ́ afẹ́fẹ́, mi ò gbọ́ eyín. Ó ti rin kìlómítà 760 báyìí. Ní 800 ni mo máa da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù kí eruku irin ara tuntun lè bá a lọ. Bàbá Ìbejì ti ní kí n má tú u láìpe àwọn, àwọn fẹ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ́ báàfù náà fúnra wọn.